Ọ̀rọ̀ Tí Tísà Pín fún Wa Láti Fi Wáṣẹ́ Epo

Lọ́dún tí ilé-iṣẹ́ epo kan gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abúlé wa, mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, mo sì ti jókòó sílé fún ọdún kan gbáko, mo ń bá màmá mi yan ẹja. Abúlé wa kò jìnnà sí Ugbonla. Bí èèyàn bá ra ẹ̀pà ní èbúté Ugbonla, tó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ẹ̀pà náà kò ní í tán lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Orí òpó la kọ́ ilé wa sí, orí pákó la sì ń rìn láti ilé dé ilé. Àwọn elépo gbé ilé irin ńlá kan tó léfòó wá, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ sójú omi níwájú wa bí ẹni so ewúrẹ́, wọ́n sì ń wò wá láti orí rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ní èbúté Ugbonla. Ìwé náà ní wọ́n fẹ́ gba èèyàn mẹ́wàá síṣẹ́ láti agbègbè wa. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà wá lédè òyìnbó, kí ó sì fi hàn nínú lẹ́tà náà bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe ń wù ú tó.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló sọ wá di ẹni ẹ̀sín. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbani síṣẹ́ kò béèrè ohun tí a lè ṣe. Kò béèrè bóyá a lè tukọ̀, bóyá a mọ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí iyanrìn ti yọ, bóyá a lè kàwé ká sì ṣírò. Ó ní ká sọ bó ṣe ń wù wá tó. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbé eegun sókè lójú ajá, tó ní kí ajá kọ́kọ́ gbó, kí òun gbọ́ bí ebi ṣe ń pa á tó.

Ojú wa kò rí i bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àwọn ọkùnrin tí mo mọ̀, tí wọ́n ń kojú ìgbì òkun Araromi pẹ̀lú àjẹ̀ lásán lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa fi áyọ́ọ̀nù bá wọn lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹni tó ti gba ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kọjá ló ń yá bírò kiri. Gbogbo wa sì gba ilé Tísà lọ.

Tísà ni ọ̀gá ilé-ìwé wa tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Tísà ni ọmọdé ń pè é, òun náà ni àgbà ń pè é. Ó ní ìwé atúmọ̀ èdè òyìnbó kan tí èèpo rẹ̀ ti ya dànù, tí omi òjò sì ti jẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà A. Ìwé yìí ló gbé ka orí ẹsẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí a kóra jọ sílé rẹ̀, àwa bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a jókòó sórí ẹní bí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ gbọ́,” ó wí. “Bí ẹ bá kọ ‘I want’, wọ́n máa dà á nù. ‘Want’ lọ̀rọ̀ ọmọdé tó ń sunkún àkàrà. Ẹni tó mọ̀wé ní ọ̀rọ̀ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọ̀rọ̀ fún wa bí ẹni pín ẹran iléyá, ẹnì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọjú sí ọmọ Baálẹ̀. “Ìwọ, ‘desirous’ ni tìẹ. Ó gùn, ó sì níyì.” Ọmọ Baálẹ̀ tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Àwọn ọmọ apẹja tó wà láàrin wa gba “eager”, gbogbo wọn pátá, torí pé ó kúrú, wọn kò sì ní í ṣì í kọ. Nígbà tó kàn mí, Tísà tẹjú mọ́ mi fún ìgbà díẹ̀. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀.

“Ìwọ, ‘anxious’,” ó wí.

“Kí ló túmọ̀ sí, sà?”

“Ó túmọ̀ sí pé o fẹ́ iṣẹ́ náà débi pé o kò rí oorun sùn.”

“Ṣùgbọ́n mò ń sùn, sà.”

“Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀.”

Mo délé, mo kọ lẹ́tà mi. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e jáde sí ibi tí màmá mi ti ń yí ẹja lórí ààrò, mo kà á sí i létí lédè òyìnbó pẹ̀lú ohùn tí mo rò pé ó jẹ́ ti obìnrin ọ́fíìsì. Ó ní kí n sọ ọ́ lédè tó yé òun.

“Mo ní ọkàn mi ò balẹ̀ títí n ó fi rí àyè sìn wọ́n.”

“Ta ló bá ọkàn rẹ jà?”

“Iṣẹ́ náà ni, Màmá.”

“Iṣẹ́ tí o ò tíì rí?” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu èéfín kúrò lójú. “Bí ẹnì kan bá wá ra ẹja lọ́wọ́ mi, tó wá ń gbọ̀n níwájú ẹja, ṣé o mọ ohun tí mo máa ń ṣe? Mo máa ń fowó lé e ni.”

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo rò pé obìnrin tí kò mọ ìwé ni, kí ló mọ̀ nípa ọ̀rọ̀. Mo rò ó bẹ́ẹ̀, n kò sì ní í purọ́ nípa rẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ tí a lọ fi lẹ́tà jíṣẹ́, ọkọ̀ méjì la wọ̀. Tísà jókòó síwájú nínú kóòtù aláwọ̀ eérú kan tó ti wà lára rẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó bí mi. Ẹni tó gbà wá lórí ilé irin náà ni ọ̀gá tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe agbẹnusọ wọn sí àwọn ará ìlú. Yorùbá ni, ará òkè, kò tíì tó ọmọ ogójì ọdún. Ó wọ awò dúdú, ó sì so ẹ̀wù amúniléfòó mọ́ àyà lórí àga tó jókòó sí, bí ẹni pé àga náà lè rì nígbàkigbà. Ajá rẹ̀ pupa kan dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èèyàn tó ń bẹ̀rù omi tó báyìí ni wọ́n rán sáàárín àwọn tí wọ́n bí sórí omi.

Ó gba lẹ́tà wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka wọ́n sókè lójú gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

“‘Eager’. ‘Eager’. ‘Eager’.” Ó gbójú sókè wo Tísà. “Ṣé ìwọ lo kọ́ wọn?”

Ìwọ. Tísà tó bí i lọ́mọ, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo retí kí àgbà náà fún un lésì tó yẹ. Mo ti rí i tó lé alábòójútó ilé-ìwé jáde nínú kíláàsì rí nítorí pé ẹni náà kò kí i dáadáa.

“Èmi ni, sà,” Tísà dáhùn.

Ọ̀gá náà fa lẹ́tà mi yọ. “‘Anxious’! Ta ni aláìsàn yìí?” Mo na ọwọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Arábìnrin, ibí kì í ṣe ilé ìwòsàn o.” Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ju lẹ́tà náà sórí tábìlì. “Ẹ ò mọ ohun tó ń lọ. ‘Keen’ lọ̀rọ̀ tó wà lóde báyìí. Ẹni tó bá ‘keen’ là ń wá.”

Ohun tó tẹ̀ lé e ni n kò lè dárí jì, n kò sì mọ ẹni tí n kò dárí jì nínú gbogbo wa. Tísà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ orí ba, ó ní, “‘Keen’! Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó bọ́ kúrò lórí mi ni.” Ó wá yíjú sí wa pẹ̀lú ohùn kíláàsì. “Ẹ pa á rẹ́. Ẹ kọ ‘keen’.”

Àwa èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá jókòó sórí irin tí oòrùn ti mú gbóná, a fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ wa, a sì kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i. Ọmọ Baálẹ̀ pa “desirous” rẹ́, ọ̀rọ̀ tó níyì. Èmi náà pa tèmi rẹ́. Ojú ò tì mí. Àní mo tún un kọ ní lẹ́tà ńlá kí ó lè tètè rí i.

Wọ́n kò gbà wá. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ńlá kan já àwọn èèyàn kan sílẹ̀ láti òkè, pẹ̀lú ẹrù wọn àti ohùn kan náà tí ọ̀gá ń fọ̀, wọ́n sì wọlé síṣẹ́ agbègbè wa. Nínú gbogbo wa, ọmọ Baálẹ̀ nìkan ni wọ́n mú, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa gba okùn lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá ń gúnlẹ̀, kó máa dè é mọ́ òpó. Iṣẹ́ tí gbogbo wa ń ṣe láti kékeré láìkọ lẹ́tà sẹ́nikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní bàtà awọ àti akoto, ó sì ń dé akoto náà wá sílé ìjọsìn lọ́jọ́ ìsinmi, bí ẹni pé òrùlé ìjọ fẹ́ wó lù ú.

Òun ló sọ ibi tí lẹ́tà wa wọlé sí fún wa. Wọ́n tẹ́ wọn fún ajá ọ̀gá. Orí irin máa ń tutù lówùúrọ̀, ajá náà kò sì fẹ́ òtútù.

Mo fi ìbínú gba ilé Tísà lọ. Mo bá a tó ń jẹ òkèlè púpurù rẹ̀ lọ́wọ́, mo ní, “Tísà, ajá ń sùn lórí lẹ́tà wa o.”

Ó rò ó wò. “Ó kéré tán, wọn kò dà á sómi,” ó wí, ó sì ń bá púpurù rẹ̀ lọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ lókè. Wọ́n ní yàrá ìwé níbẹ̀, ìwé atúmọ̀ èdè kan sì wà lórí tábìlì tirẹ̀, ó wúwo bí ọmọ ọdún méjì. Kì í sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan. Ó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá àti ẹni tó bí i. Kì í ṣe ìfẹ́ ìmọ̀ ló gbé mi débẹ̀. Ìbínú ni. Mo ṣí lẹ́tà A, mo sì wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Anxious”, ìwé náà wí, láti inú èdè Látìn ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí kí a fún èèyàn lọ́rùn. Mo jókòó. Nítorí náà ohun tí mo kọ sí ilé-iṣẹ́ epo ni pé, ẹ̀yin ọ̀gá, ọrùn ń fún mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí síṣẹ́. Mo ṣí “eager”. Ọ̀rọ̀ Faransé fún ohun tó kan ni, kíkan bí ògùrọ̀ tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta. Inú Látìn ni Faransé náà ti mú un, níbi tó ti túmọ̀ sí ohun tó mú bí abẹ. Àwọn ọmọ apẹja wa ti kọ̀wé sí òyìnbó pé àwọn kan gógó. Mo ṣí “desire”, ọ̀rọ̀ ọmọ Baálẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé ìràwọ̀ ló ti wá, pé ẹni tó ń “desire” ni ẹni tó jókòó tó ń wojú sánmà, tó ń retí ohun tí ìràwọ̀ máa já sílẹ̀ fún un. Ó bá a mu. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló ń wojú òkè, kí wọ́n tó sọ okùn sí i.

“Keen” ni mo fi sẹ́yìn. Nígbà láéláé, kí ó tó túmọ̀ sí ẹni tí nǹkan ń wù, ohun tó túmọ̀ sí ni akíkanjú, ẹni tí àyà kì í já. Mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí olùtọ́jú ìwé fi yọjú sí mi. Ọ̀gá tó so ẹ̀wù amúniléfòó mọ́ àyà lórí àga ní akíkanjú lòun ń wá. Àwa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì gbà, a tẹríba, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé akíkanjú ni wá. Bí ẹyọ akíkanjú kan bá wà nínú wa lọ́jọ́ náà, ì bá ti gba lẹ́tà rẹ̀ padà, kó sọ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀, kó máa wa ọkọ̀ lọ sílé.

Mo tún rò nípa èdè tiwa. Àwa kì í sọ pé a ń fún ara wa lọ́rùn nítorí ohun kan. Ó wù mí, la máa ń wí. Ohun náà ni kó wá, ohun náà ni kó ṣe iṣẹ́ wíwù. Èmi jókòó ti ara mi, mo ń wo bóyá ó yẹ ní ohun tó ń wuni. Èdè tó kọ́ wa báyìí la gbé sílẹ̀ ká tó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Mo parí ẹ̀kọ́, mo padà sílé láti máa kọ́ àwọn ọmọ. Mo bá omi wa nínú ìṣòro. Ọ̀pá epo kan ti jò lókè odò, epo náà sì ti bo ojú omi, ó ń dán yẹ́ríyẹ́rí lábẹ́ oòrùn. Àwọ̀n ń jáde láti inú omi ní dúdú. Edé tí màmá mi ń sá ń rùn bí kẹrosíìnì, kò sì sẹ́ni tó rà á lọ́jà Igbokoda. Omi òjò tí a gbà sínú dúrọ́ọ̀mù nìkan la ń mu, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti dé.

Wọ́n pe ìpàdé sílé Baálẹ̀. Tísà ti kọ lẹ́tà sílẹ̀, ó dìde láti kà á. “We humbly crave your indulgence,” ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwùjọ: pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ la fi ń bẹ̀ yín kí ẹ ṣíjú àánú wò wá.

Mo dìde. “Ẹ má bínú, sà. Àwọn ló ba omi wa jẹ́. Kí la ń bẹ̀ wọ́n fún?”

“Jókòó,” Tísà wí. “Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Ṣé èmi tí mo kọ́ ọ ní A, B, D lo fẹ́ kọ́?”

“Rárá, sà. Ṣùgbọ́n mo ti wo ‘crave’ nínú ìwé ńlá.” Mo ti da gbogbo wọn kọ sínú ìwé àjákọ kan, ó wà nínú báàgì mi. Mo gbé e fún un. “Nígbà tí wọ́n bí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí èèyàn bá dìde níwájú adájọ́, tó ń béèrè ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, ohun tó ń ṣe nìyẹn. Àwọn tó tẹríba jù ló sọ ọ́ di ẹ̀bẹ̀.”

Màmá mi gbọ́hùn sókè láàrin àwọn obìnrin. “Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ pé omi wa ni wọ́n bà jẹ́, kí wọ́n wá tún un ṣe. Ṣé ó dìgbà tí òyìnbó bá bí ọ̀rọ̀ sí i?”

Tísà mú ìwé àjákọ mi sún mọ́ ojú, ó kà á, ó tún un kà. Mo rò pé ó máa jù ú lù mí. Nígbà tó ṣe, ó yọ bírò lápò, ó fa ìlà sórí “humbly”, ó fa òmíràn sórí “your indulgence”. Ó kọ “our water” rọ́pò rẹ̀. “We crave our water,” ó kà á sókè. Ó wò mí. “‘Crave’ wà níbẹ̀ síbẹ̀ o. Èmi ni mo mú un.”

Ọ̀gá ará òkè fúnra rẹ̀ ló wá fèsì. Ó ti sanra sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀wù amúniléfòó kò kúrò lára rẹ̀. Ó jókòó sílé Baálẹ̀, ó ka lẹ́tà náà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ ṣeun,” ó wí. “Òyìnbó yín ò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀bẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ràn ìrẹ̀lẹ̀.”

“Ta ló bẹ̀ ọ́?” Tísà ló sọ̀rọ̀. Ó ti dìde nínú kóòtù eérú náà, ọ̀pá rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. “Mo ní, ta ló bẹ̀ ọ́, ìwọ ọmọ yìí? O ò mọ ọ̀rọ̀ náà. Padà sórí irin rẹ, kí o lọ ṣí ìwé.”

Ọ̀gá náà yọ awò dúdú, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹyinjú rẹ̀ nìyẹn, wọ́n kéré. Ó kọjú sí Baálẹ̀ pé kó bá òun kìlọ̀ fún àgbàlagbà yìí. Baálẹ̀ ń wo àjà. Màmá mi ló dáhùn dípò rẹ̀: “Omi ńkọ́?”

Wọ́n gbé omi wá. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ kan ń já dúrọ́ọ̀mù omi sílẹ̀ lórí pákó wa, wọ́n sì rán àwọn òṣìṣẹ́ láti fi fọ́ọ̀mù tó ń mu epo gbá a kúrò lójú omi, ṣùgbọ́n apá ibi tí àlejò wọn lè rí láti orí ilé irin nìkan ni. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ náà dẹ́kun wíwá. A kọ lẹ́tà míì, kò sẹ́ni tó fèsì. Lọ́jọ́ kan a jí, a rí i pé wọ́n ti tú ilé irin náà, wọ́n sì ti fà á lọ síbòmíràn. Ẹja kò tètè padà. Màmá mi kó ààrò rẹ̀ lọ sí Igbokoda, ẹja tí àwọn ẹlòmíràn pa níbòmíràn ló ń yan níbẹ̀ títí tó fi dàgbà kọjá iṣẹ́. Tísà kò fìgbà kankan sọ fún mi pé mo ṣe dáadáa, n kò sì retí rẹ̀.

Èmi ṣì ń kọ́ni lédè òyìnbó. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ wá bá mi pẹ̀lú lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ epo mìíràn. “I am passionate about your company,” ni ó kọ. Mo bi í pé kí ni ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe gan-an. Kò mọ̀. Mo sọ fún un pé ìyà ni “passion” nínú Látìn, pé ohun tó kọ ni pé òun ń jìyà nítorí wọn.

Ó rẹ́rìn-ín. “Màmá Tísà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ṣe ń kọ ọ́ báyìí.”

Ó na bírò sí mi kí n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo fọwọ́ sí i.